Ẹ Gbé Ọpọ́n Náà Sórí Tábìlì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nínú ilé yín tó rẹwà débi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án? Ní ilé àwọn kan, àwo tánganran ni. Ní ilé àwọn mìíràn, àga tí wọ́n fi ọ̀rá bò láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ni. Ní ilé tiwa ní London, ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ni.

Ọkọ mi ló rà á ní ọdún tí a kó wọ ilé wa. Òkúta tó ń dán ni wọ́n fi ṣe é, funfun àti dúdú. Ọba orí rẹ̀ dé adé, ayaba rẹ̀ wọ ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sì mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. A gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀. Àlejò tó bá wọlé á yìn ín, inú wa á sì dùn. Nígbà tí ọmọkùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tó bá ti nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù náà, èmi tàbí bàbá rẹ̀ á pariwo pé, "Má fọwọ́ kàn án!" Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ní ilé wa, ọwọ́ ọmọdé tó pẹpẹ. Àwa àgbà la gbá ọwọ́ náà kúrò.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 7, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ṣẹ́ẹ̀sì ní ilé ìwé. Ó délé lọ́jọ́ kan, ó ní olùkọ́ sọ pé kí àwọn máa fi dánra wò nílé. Mo ní, "Ó dára, lọ fi dánra wò." Ó wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, a ò ní ṣẹ́ẹ̀sì nílé."

Kò purọ́. Kò sì ṣe àwàdà. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, síbẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn rí pé ohun tó wà níbẹ̀ ṣeé ta.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, mo lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù. Pọ́n-ùn 8 ni mo san. Igi lásán ni wọ́n fi ṣe é. Pátákó rẹ̀ ṣeé pa dé bí ìwé, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀. Etí ẹṣin kan ti kán díẹ̀. Ọmọ-ogun dúdú kan ti sọnù. Láti ìgbà náà ni mo ti ní èrò tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì tó dára jù fún ilé ni èyí tí wọ́n fi igi ṣe láìṣe àṣejù, tí owó rẹ̀ kò ga, tó sì wà lórí tábìlì níbi tí gbogbo ọwọ́ ti lè tó o.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ta á rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ẹni méjì ló máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ilé 64 ló wà lórí ọpọ́n, ìdajì funfun, ìdajì dúdú. Ọmọ 16 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní: ọba 1, ayaba 1, bíṣọ́ọ̀bù 2, ẹṣin 2, ilé-ìṣọ́ 2, àti ọmọ-ogun 8. Ẹni tí ọba rẹ̀ bá há, tí kò rí ibi sá sí mọ́, òun ni wọ́n pa láyò.

Ẹ má rò pé ọpọ́n tí kò ní ọ̀ṣọ́ jẹ́ ọpọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ronú sí. Ìrònú tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Kí ọdún 1849 tó dé, oríṣiríṣi ni ìrísí àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tó bá ti mọ ti ìlú kan lè dé ìlú mìíràn kó má mọ èwo ni ayaba, èwo ni bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ga, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí apá aṣọ bá kàn wọ́n, wọ́n á ṣubú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1849, Nathaniel Cooke forúkọ ìrísí tuntun kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Jaques ní London sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Orúkọ Howard Staunton ni wọ́n fi pè é. Ọ̀ta ni Staunton nígbà náà. Ẹ rántí pé ọ̀ta ni à ń pe ẹni tó mọ ayò ta ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí ìrísí Staunton ṣe rí. Àmì àgbélébùú kékeré wà lórí ọba. Adé ayaba ní ẹnu ṣóńṣó-ṣóńṣó yí ká. Fìlà bíṣọ́ọ̀bù là níbì kan. Orí ẹṣin ni ẹṣin, ilé-ìṣọ́ sì jọ ilé-ìṣọ́. Orí ọmọ-ogun rí roboto, kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Ìdí gbogbo wọn fẹ̀ ju òkè wọn lọ, nítorí náà wọn kì í tètè ṣubú. Ẹṣin nìkan ló gba iṣẹ́ gbígbẹ́ gidi, òun ló sì máa ń gba agbẹ́gi lákòókò jù nínú gbogbo wọn. Àwọn yòókù, ẹ̀rọ tó ń yí igi ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi lè mọ níwọ̀n.

Títí di òní, ìrísí yìí ni àwọn tó ń dije fún ipò àkọ́kọ́ ní àgbáyé ń lò. FIDE, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1924, ló ń ṣe òfin eré náà. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ọba ga tó sẹ̀ǹtímítà 9.5, kí ọmọ-ogun ga tó 5, kí ẹ̀gbẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n sì wà láàárín 5 sí 6. Wọ́n tún ní àwọn ọmọ náà kò gbọdọ̀ máa dán jù. Ẹ rí i báyìí: ọpọ́n tí àwọn ọ̀ta fi ń ja ìjà tó le jù jọ ọpọ́n oní-pọ́n-ùn 8 tèmi ju èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ṣòkòtò tó ń ṣiṣẹ́ àrán, oko ló ń gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹwà ojú ẹ̀rọ ayélujára tàn yín. Ẹ fi ọwọ́ gbé ọba rẹ̀. Ó yẹ kó wúwo díẹ̀. Òjé tàbí irin ni wọ́n máa ń fi sínú ìdí rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Ẹ yí i padà kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí aṣọ rírọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó họ ojú ọpọ́n. Ẹ kó ọmọ-ogun 4 sínú ilé kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gba ibẹ̀ láìfún ara wọn pọ̀ jù, tí àyè kò sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ, ọpọ́n àti ọmọ bára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ jìnnà sí i díẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí ẹ kò bá lè mọ ayaba yàtọ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù láti ibi tí ẹ dúró sí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí. Ẹnì kan á ní, "Ṣé ike kò tó ni?" N kò bá ike jà. Ike ni wọ́n ń lò ní ilé ìwé ọmọ mi, òjò kò sì lè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n igi ń gba àtúnṣe. Ọkọ mi fi gọ́ọ̀mù àti ègé igi kékeré kan tún etí ẹṣin wa ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà sì jókòó tì í, ó ń wò ó. Igi tí ọwọ́ ti ń kàn fún ọdún púpọ̀ tún máa ń dán lọ́nà tirẹ̀, ẹwà tí ó sì ní nìyẹn, ọwọ́ wa ló fún un.

Ẹlòmíràn á ní fóònù ń kọ́ni ní ṣẹ́ẹ̀sì, kò sì gba àyè nínú ilé. Òótọ́ ni. Èmi náà ń ta á lórí fóònù nínú ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n ojú ẹnì kan ṣoṣo ni fóònù ń wò. Ọpọ́n tó wà lórí tábìlì ń pe òǹwòran. Ẹni tó ń lọ sí ilé ìdáná á dúró, á ní, "Háà, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ gbé e sí?" Bí mo ṣe mọ ayò nìyẹn ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní kékeré: àwọn méjì ń ta á, àwọn mẹ́fà ń wò wọ́n, ẹnu àwọn òǹwòran kò sì dákẹ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á bi mí pé, "Ọpọ́n tí agbẹ́gilére gbẹ́ pẹ̀lú adé àti ìlẹ̀kẹ̀ wá ńkọ́? Ṣé kì í gbé àṣà ga ni?" Ìbéèrè yìí ló le jù fún mi, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Mo ti lọ wo àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì Lewis ní British Museum ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n rí wọn ní erékùṣù Lewis ní Scotland ní ọdún 1831. Eyín walrus, ẹranko ńlá inú òkun, ni wọ́n fi gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ti lé ní 800 ọdún. Ẹ lọ wò wọ́n bí ẹ bá lè rí àyè. Ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní iṣẹ́ tirẹ̀, ilé tí a ń gbé náà ní tirẹ̀. Ẹ má sọ pálọ̀ yín di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ọmọ yín jẹ́ àlejò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn kan tí a mọ̀ ṣe bá ṣẹ́ẹ̀sì pàdé. José Raúl Capablanca, ọmọ Cuba tó jẹ́ ọ̀ta gbogbo ayé láti ọdún 1921 sí 1927, kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ibi tí òun ti ń wo bàbá òun tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ni òun ti mọ̀ ọ́n, nígbà tí òun kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí ní Times Square ní New York ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, sọ pé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìkòròdú ni òun ti kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 2018, òun náà dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lè rí i kọ́. Ọ̀kan rí i lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, èkejì rí i ní ibi tí wọ́n ti ń gẹ irun. Ní ibi méjèèjì, ọpọ́n wà níta, àwọn èèyàn sì ń ta á lójú ọmọdé. Ká ní inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé wa. Ẹ rántí pé ọmọ-ogun dúdú kan ti sọnù. Ọmọ mi wá nǹkan tó lè fi dípò rẹ̀. Ó rí àpò kékeré kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú hóró kan tó rí roboto nínú rẹ̀, ó gbé e sórí ọpọ́n. Ọmọ ayò ni. Nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó ni wọ́n fún wa ní ọpọ́n ayò kan tó lẹ́wà, a sì gbé e kọ́ ògiri. Àwọn ọmọ rẹ̀ 48 wà nínú àpò láti ọjọ́ náà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá ọkọ mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Nígbà tí Bàbá jókòó, ojú wọn lọ sí orí tábìlì. Wọ́n ní, "Kí ni ọmọ ayò ń wá láàárín àwọn wọ̀nyí?" Ọmọ mi ṣàlàyé. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọpọ́n rẹ̀ dà?" A nawọ́ sí ògiri. Bàbá wo ògiri, wọ́n wo èmi àti ọkọ mi, wọ́n kàn ní, "Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ 3 ni Bàbá lò lọ́dọ̀ wa. Lójoojúmọ́, wọ́n á kọ́ ọmọ náà ní ayò, òun náà á kọ́ wọn ní ṣẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ayò, ọmọ-ogun wa á padà sílé rẹ̀. Bí wọ́n bá ta á tán, á tún lọ sójú ogun. Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò fi ta ayò. Wọ́n ní ayò kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mi tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" nìkan ni Yorùbá tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ odidi gbólóhùn. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ pa Bàbá, ó fò sókè, ó ní, "Ọba rẹ ti há!" Bàbá gbójú sókè. "Ta lò ń sọ 'rẹ' fún?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kíá. Ó ní, "Ọba yín ti há, Bàbá àgbà." Mo ti kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ láàárín "rẹ" àti "yín" fún odidi ọdún kan, kò wọ̀ ọ́ létí. Ọpọ́n oní-pọ́n-ùn 8 kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú kan.

Báyìí, ẹsẹ̀ ń dun Bàbá, wọn kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. A ra ọpọ́n onígi bíi tiwa, a fi rán ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí fóònù, kálukú pẹ̀lú ọpọ́n tirẹ̀ níwájú rẹ̀. Láti lè sọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lọ, ilé gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Bàbá kò fẹ́ a, b, c ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí a kọ lẹ́tà Yorùbá mẹ́jọ àkọ́kọ́ sí etí ọpọ́n: a, b, d, e, ẹ, f, g, gb. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo kọ ọ́ sí ara igi náà. Ta ló jẹ́ fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí ara ọpọ́n òkúta? Nísinsìnyí, mo máa ń gbọ́ ọmọ mi láti ilé ìdáná: "Ẹṣin mi, f, ẹ̀ta. Ó kàn yín, Bàbá àgbà."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, mo rò pé ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà lókè òkun ń ṣe sí èdè bí mo ṣe ṣe sí ọpọ́n òkúta yẹn. A ń gbé e jáde níbi ìkómọjáde àti ìgbéyàwó, àwọn àlejò á yìn ín, a ó sì dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù ń bà wá pé ohùn á ṣì wá, pé àwọn àgbà á fi wá rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ́rìn-ín, lóòótọ́. Wọ́n tún un sọ, eré sì tẹ̀ síwájú. Èdè tí etí rẹ̀ kán díẹ̀, tí a ń lò lójoojúmọ́, sàn ju èyí tó pé pérépéré tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, bí ọpọ́n kan bá wà nílé yín, ìbáà jẹ́ ti ṣẹ́ẹ̀sì, ìbáà jẹ́ ti ayò, ẹ wò ó lónìí. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ kò lè fún ọmọdé, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà, kí ẹ lọ ra onígi lásán kan. Ẹ to àwọn ọmọ rẹ̀ síbi tó yẹ. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ wá hóró kan fi dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má kó o kúrò nígbà tí àlejò bá ń bọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹnì kan á kọjá, á dúró, á sì bi yín pé, "Ta ló kàn?"